Láti Ọ̀fun Dé Ọkàn

 Bí ẹ bá ka ẹ̀dà ìwé yìí tó jáde kẹ́yìn, ẹ ó rántí ewì ìfẹ́ kan tí mo kọ síbẹ̀. Mo ti padà ka iye ìgbà tí mo lo "ọkàn" nínú ewì ọ̀hún: ìgbà mọ́kànlá! Ọkàn mi ń sáré, ọkàn mi ti fọ́, ọkàn mi wà lọ́wọ́ rẹ, gbogbo àsọdùn yẹn. Àbúrò mi obìnrin gbé e kà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, tiyín ń sáré lórí ìwé. Tèmi ń pariwo lóòótọ́, dókítà gan-an gbọ́ ọ."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ náà fún yín. Ó gbà, àmọ́ ó ṣe òfin méjì fún mi: kí n má dárúkọ òun, kí n má sì máa ṣọ̀fọ̀ òun nígbà tí òun ṣì ń jẹ ìrẹsì. Nítorí náà, ẹ má retí ẹkún.

Alímọ̀ṣọ́ là ń gbé. Kì í ṣe Èkó tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù o, tó ní afárá àti òkun. Tiwa ni Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù, Ìgàndó, níbi tí èèyàn pọ̀ sí bí eéṣú. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ wa nìkan lé ní mílíọ̀nù kan, ẹ sì mọ̀ pé láti ìgbà náà wá, kò sọ́jọ́ tí ọkọ̀ kì í já ẹrù ayálégbé tuntun sílẹ̀. Ilé fésì-mi-n-fési-ẹ ni wọ́n bí àbúrò mi sí, yàrá márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, kọ́rídọ̀ kan láàárín. Àwa márùn-ún la wà nínú yàrá kan. Ife kan ló wà lórí ike omi. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ á bu omi, á mu ún, á dojú ife dé fún ẹni tó kàn. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ ní yàrá kìíní, ẹni tó wà ní yàrá kẹwàá ló máa kọ́kọ́ sọ pé "pẹ̀lẹ́ o." Kòkòrò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí ò nílò owó ọkọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, ọdún 2018. Bí mo ṣe mọ ọjọ́ náà kò le: ọjọ́ kejì tí Ahmed Musa gbá góòlù méjì wọlé Iceland ni, gbogbo àdúgbò ṣì ń pariwo. Àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo ń retí èsì WAEC. Ó jí, ó ní òun ò lè gbé itọ́ mì. Ara ẹ̀ gbóná bí iná. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀, ó ṣì ń fò sókè nítorí Musa, àfi bí ẹni pé wọ́n rán àìsàn náà sí i mọ́jú. Màmá mi ní kó wá sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó lanu. Ọ̀fun ẹ̀ pọ́n bí ata rodo. Ohun méjì wú síbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nǹkan funfun sì wà lára wọn tóótòòtó bí omi ògì tó ta síni láṣọ. Abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ wú, kò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Kò wúkọ́, kò sín, imú ẹ̀ ò dá omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, màá padà síbẹ̀.

"Bẹ́lúbẹ́lú ni," gbogbo kọ́rídọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá kan ní yàrá kẹrin ní òun mọ olóòlà kan lọ́nà Ìjẹ̀gun tó máa ń gé e, pé ìṣẹ́jú kan ni, kò ní pẹ́. Màmá mi kọ̀. Mo dúpẹ́ pé wọ́n kọ̀. Ahọ́n kékeré tí wọ́n ń gé yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀, àwọn ọmọ kan sì wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dá mọ́ lẹ́yìn tí ọ̀bẹ bá ti kàn án. Kíliníìkì ni wọ́n gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì tàn tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, ó fọwọ́ wo ọrùn ẹ̀, ó kọ amoxicillin sínú ìwé. Ó ní, "Mọ́mì, ọjọ́ mẹ́wàá o. Lọ́jọ́ kẹta ara ẹ̀ á ti yá. Ẹ má dáwọ́ dúró."

Èmi ni wọ́n fún lówó kí n lọ ra á, nítorí pé ìsọ̀ ń dúró de màmá mi lọ́jà Ìkòtún.

Ó dáa. Ibí yìí gan-an ni mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé kẹ́míìsì, mo ní kí wọ́n ta ti ọjọ́ mẹ́ta fún mi. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò béèrè nǹkan kan, ó gé sáṣẹ́ẹ̀tì, ó gbowó. Mo sọ fún ara mi pé màá padà wá ra ìyókù. Mo gbà á gbọ́ lóòótọ́ o! Ṣùgbọ́n Nàìjíríà àti Argentina ń bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdé, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ti fi owó lé owó, n ò sì fẹ́ dúró sójú fèrèsé bí ọmọ aláìnílé. Oògùn tán lálẹ́ Mọ́ńdè. Lọ́jọ́ Túsìdé àbúrò mi jẹ ẹ̀bà, ó bú mi, ara ẹ̀ tutù. Kí ni mo tún fẹ́? Mo san owó tèmi, mo san ti ọ̀rẹ́ mi kan, mo ra súyà. Victor Moses gbá pẹnárítì wọlé, a fò, a dì mọ́ àwọn tí a ò mọ̀ rí. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 86, Rojo gbá tiwọn wọlé, 2 sí 1, ó parí. Mo sunkún délé. Tí mo bá rò ó dáadáa, omijé tí mo sun nítorí Argentina lálẹ́ ọjọ́ náà pọ̀ ju èyí tí mo ti sun nítorí àbúrò mi láti ìgbà náà títí di òní.

Ní àárín oṣù keje, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ̀fun yẹn, ó jí, ó ní orúnkún ń dun òun. Orúnkún ọ̀tún wú, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ ìbora lásán ló kàn án tó ń ké. A bi í bóyá ó ṣubú níléèwé, ó ní rárá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, orúnkún ti ń rọ̀, ìrora ti kọjá sí ọrùn ẹsẹ̀ òsì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgúnpá. Ìrora tó ń rìn láti yàrá dé yàrá bí ẹni tó ń sin owó àjọ. Ìyá bàbá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta wò ó, wọ́n ní, "Làkúrègbé nìyí." Bàbá mi ní, "Ìyá mi, làkúrègbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Àbí tiyín lẹ fẹ́ fi jogún fún un?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi òrí pa á lára, a ra ìgò kan lọ́wọ́ ìyá alágbo tó máa ń kọjá láàárọ̀. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ó ti ń fo okùn. Ta ló tún máa rántí?

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ní 2021, lẹ́yìn tí Kòrónà ti tì wá mọ́lé tó sì ti tú wa sílẹ̀, a rí i pé àbúrò mi ò lè rìn láti rántabáòtù Ìkòtún dé ìsọ̀ màmá mi láìdúró lẹ́ẹ̀mejì. A ní ọ̀lẹ ni. A ní fóònù tó ń tẹ̀ mọ́jú ni. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìrọ̀rí lérí ara wọn kó tó lè sùn. Ó ní bí òun bá nà sílẹ̀ gbalaja, ó máa ń dà bíi pé òun ń rì sínú omi. Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wú. Ìgbà yẹn ni màmá mi ti ìsọ̀, wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù.

Dókítà gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e láyà. Ó gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ, ó pe dókítà kejì kó wá gbọ́. Ọkàn tó dára, bí ẹni ń gún iyán ni: kì-kì, kì-kì. Tàbúrò mi ní "fúù" kan láàárín. Wọ́n ní ká lọ ya fọ́tò ọkàn n'Ìkẹjà, mo sì bá wọn wọ inú yàrá náà. Ẹ wò ó, èmi tí mo ti lo ọkàn lẹ́ẹ̀mọkànlá nínú ewì kan, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí ọkàn. Ẹran kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi ni, ó ní ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń padé. Ìlẹ̀kùn kan lápá òsì ti le, etí ẹ̀ ti ká kò, kò padé mọ́. Bí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ síwájú, díẹ̀ á ṣẹ́ padà sẹ́yìn. Èyí tó ń ṣẹ́ padà yẹn ló ń pariwo.

Dókítà wá bi màmá mi léèrè: "Mọ́mì, ǹjẹ́ ọ̀fun ti dun ọmọ yìí gan-an rí, kí oríkèé ara ẹ̀ tún wá máa dùn ún lẹ́yìn ìyẹn?"

Màmá mi ronú. Wọ́n ní, "Rárá o, dókítà. Ọmọ yìí kì í ṣàìsàn. Àfi ibà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Mo dúró lẹ́yìn àga wọn. N ò sọ nǹkan kan.

Mo ti ro ìdáhùn màmá mi yẹn lọ́pọ̀ ìgbà ju gbogbo lẹ́kíṣọ̀ tí mo ti jókòó sí lọ. Wọn ò parọ́. Lọ́dọ̀ wọn, bẹ́lúbẹ́lú ló wá nínú oṣù kẹfà, ó sì lọ. Làkúrègbé ló wá nínú oṣù keje, òun náà lọ. Èyí tó dé lọ́dún 2021, àìsàn ọkàn nìyẹn, àlejò tuntun. Orúkọ mẹ́ta, oògùn mẹ́ta, ẹni mẹ́ta tí à ń sá tọ̀: olóòlà, ìyá alágbo, dókítà. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá máa ń fọ́nnu pé kò sóhun tí èdè wa ò lórúkọ fún. Òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà míì, orúkọ máa ń dà bí ògiri yàrá ilé wa yẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ń rìn nínú kọ́rídọ̀, àwa ń kí i lẹ́nu ọ̀nà mẹ́ta bí ẹni tí a ò rí rí.

Kẹ́nì kan má rò pé mo ń fi èdè wa wé ti òyìnbó láti bú u o. Ó pẹ́ káwọn náà tó rí i. Lọ́dún 1836, dókítà ará Faransé kan, Jean-Baptiste Bouillaud, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibà tó ń wú oríkèé ara máa ń kan ọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀fun ńkọ́? Ọdún 1931 ni Alvin Coburn ní New York tó gbé ìwé jáde tó so ọ̀fun dídùn mọ́ ọn. Nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún láàárín oríkèé àti ọ̀fun! Orúkọ tí wọ́n sì sọ àìsàn náà, rheumatic fever, ìtumọ̀ ẹ̀ kò ju ibà làkúrègbé lọ. Ìyá bàbá mi jàre. Àwa la rẹ́rìn-ín.

Kòkòrò ọ̀hún fúnra ẹ̀, Streptococcus lorúkọ ẹ̀. Theodor Billroth, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Vienna, ló fún un lórúkọ yẹn lọ́dún 1874, látinú èdè Gíríìkì: nǹkan roboto bí hóró èso, tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí lẹ máa rò pé ẹ rí, tí wọ́n sín sínú okùn. Kòkòrò tó burú tó yẹn, tó tún lẹ́wà! Lọ́dún 1879, Louis Pasteur ya àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ yìí sí pátákó níwájú àwọn dókítà ní Paris, ó ní èyí ló ń pa àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ọdún 1847 ni Semmelweis sì ti ń bẹ àwọn dókítà ní Vienna pé kí wọ́n fọwọ́ wọn kí wọ́n tó gbẹ̀bí. Wọ́n bínú sí i. Omi àti ìfọwọ́, ìyẹn ló bí wọn nínú.

Oríṣiríṣi ló wà nínú ẹbí náà. Ọ̀kan máa ń fa òtútù àyà àwọn ọmọdé. Wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ìyẹn ní Nàìjíríà láti ìparí ọdún 2014. Èyí tó ń mú ọ̀fun, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yà A, kò tíì ní àjẹsára kankan. Ó tún lè gba ojú egbò wọlé, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́, kí ojú ọmọ wú kí ìtọ̀ ẹ̀ sì dúdú bíi Coke. Ti ọkàn ni mo mọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀.

Kì í ṣe kòkòrò ló jẹ ìlẹ̀kùn ọkàn àbúrò mi. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí jù nìyẹn. Ẹ ti mọ bí àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò wa ṣe máa ń ṣe. Olè wọlé lóru, wọ́n rí i pé fìlà pupa ló dé. Wọ́n lé e lọ. Ilẹ̀ mọ́, inú ṣì ń bí wọn, ẹnikẹ́ni tó bá dé fìlà pupa kọjá, igi ni. Báyìí ni àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣe. Nǹkan kan wà lára kòkòrò náà tó jọ nǹkan kan lára ọkàn àti oríkèé. Bí kòkòrò bá pẹ́ lọ́fun, wọ́n á kọ́ àwòrán ẹ̀ sórí. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ọ̀fun ti san, àmọ́ wọ́n á ti máa lu orúnkún, wọ́n á máa lu ọkàn. Orúnkún máa ń san. Ìlẹ̀kùn ọkàn kì í padà bọ̀ sípò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń ṣẹlẹ̀ sí o, díẹ̀ ni nínú ọ̀pọ̀, àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì ń mú jù. Àmọ́ èèyàn nǹkan bíi mílíọ̀nù 55 ló ń gbé pẹ̀lú àìsàn ọkàn yìí lágbàáyé gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé ṣe sọ, níbi tí èèyàn ti ń há mọ́ra wọn ló sì pọ̀ sí. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva tí wọ́n fẹnu kò pé kí gbogbo ìjọba gbógun tì í. Oṣù kan péré ṣáájú Sátidé tiwa. Ìròyìn náà ò dé kọ́rídọ̀ wa.

Oògùn ẹ̀ wà, kò sì wọ́n bí ojú. Pẹnisílíìnì tí Fleming rí lọ́dún 1928 ṣì ń pa á. Kòkòrò yìí ò tíì kọ́ bí a ṣe ń borí ẹ̀. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ oògùn láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ọ̀fun ti ń dùn ún, tó sì lò ó pé, kì í sábà dé ọkàn. Lílò ó pé ni wàhálà. Ara á yá lọ́jọ́ kẹta, òótọ́ ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ. Kòkòrò tó kù ò ní pariwo mọ́, àmọ́ kò tíì kó ẹrù ẹ̀ jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo mọ̀ yín. Èèyàn mẹ́jọ ní yàrá ẹni mẹ́rin, ife gàrí kan, ṣíbí kan. Ọ̀fun bá dùn yín, ẹ ó sáré gbé kápúsù méjì mì, ọ̀rẹ́ yín á gbé méjì tó kù. Ẹ gbọ́: ọ̀pọ̀ ọ̀fun dídùn ni kì í ṣe ti kòkòrò yìí rárá. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí ọ̀fun ń dùn, bí méjì sí mẹ́ta ni tirẹ̀. Nínú àgbàlagbà, ó tún kéré sí i. Bí imú yín bá ń dà, tí ẹ ń wúkọ́, tí ohùn yín ha, fáírọ́ọ̀sì ló ń ṣe yín, kápúsù ò ní ṣe nǹkan kan fún un. Ẹ fi omi iyọ̀ gbígbóná fọ ọ̀fun, ẹ jẹ orógbó, ẹ sinmi. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni èyí tó dé lójijì, pẹ̀lú ibà, tí ọ̀fun pọ́n tó ní funfun, tí ọrùn wú, tí kò sí ikọ́ tí kò sí ọ̀fìnkìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi imú àbúrò mi sọ́kàn. Ẹ lọ rí dókítà. Tí wọ́n bá sọ pé ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́wàá ni. Ẹ má fẹnu kan ife ẹlòmíì títí oògùn á fi pé ọjọ́ kan lára yín, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wúkọ́ sínú ìgúnpá, ẹ fọwọ́. Ara Semmelweis á tù ú níbi tó wà.

Àbúrò mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ó ń lo oògùn, ìrọ̀rí kan ló fi ń sùn. Wọ́n ní bóyá lọ́jọ́ iwájú wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ láti tún ìlẹ̀kùn yẹn ṣe. Ní Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí ọkàn èèyàn ṣiṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà, lọ́dún 1974, kì í ṣe ohun tí a ò lè ṣe nílé, owó ẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Ohun tó ń dì í mú títí di ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, kí kòkòrò náà má bàa tún wọ ọ̀fun ẹ̀, nítorí pé ìgbàkígbà tó bá tún wọlé, àwọn ọlọ́dẹ á tún mú igi. Ó lè jẹ́ títí á fi pé ogójì ọdún. Èmi ni mò ń mú un lọ sí ọsibítù ìjọba n'Ígàndó. Abẹ́rẹ́ náà funfun, ó ki bí ògì, ìdí ni wọ́n ń gún un sí, ó sì ń dunni wọnú eegun. Kò sunkún rí. Ó máa ń ka ewì mi sókè nígbà tí wọ́n bá ń fún un, ó ní ìrora kan máa ń lé ìrora kejì.

Lọ́dún tó kọjá, mo bi dókítà rẹ̀ léèrè bóyá ọjọ́ mẹ́wàá pípé ì bá ti dá a dúró. Ó wò mí lójú. Ó ní ó ṣeé ṣe kó dá a dúró, ó sì ṣeé ṣe kó má dá a dúró, pé kò sẹ́ni tó lè padà lọ wò ó. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sọ gbogbo ẹ̀ fún màmá mi, Argentina, súyà, gbogbo ẹ̀. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Mo rí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn pé oògùn ti tán. Mo fẹ́ bi ẹ́, mo wá rí i pé ó ń jẹun. Mo ní kí n jẹ́ kí n rówó san àjọ."

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Mo jókòó, mo bá wọn ṣa á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá la gba ti oṣù yìí. Nínú dánfó tó ń bọ̀ láti Ìgàndó, àbúrò mi fi ìdí kan ṣoṣo jókòó, ó gbé ìkejì sáfẹ́fẹ́. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ní, "Sísí, ẹ sún wọlé dáadáa, mẹ́rin-mẹ́rin ni." Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ ìdí mi." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọjọ́ tó kàn sẹ́yìn háńdáòtù fònọ́lọ́jì mi. Màmá mi ló máa ń fún wa lówó abẹ́rẹ́ àti owó ọkọ̀. Bí a bá délé, màá gbé ṣéńjì lé orí tábìlì. Wọn kì í kà á.